Ayẹyẹ nílé: èwo la fi ọwọ́ ara wa ṣe, èwo la rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ló kù kí màmá wa pé ẹni 70 ọdún. Ilé la fẹ́ ti ṣe é, àlejò kò ní ju 40 lọ. Èmi ni àbíkẹ́yìn, èmi náà sì ni mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ jù nínú wa. Mo ti sọ fún wọn pé gbogbo nǹkan ni màá ṣe fúnra mi: káàdì ìpè, òdòdó oníbébà, ọ̀ṣọ́ ara ògiri, kéèkì, àbẹ́là, títí kan ẹ̀bùn tí àwọn àlejò máa mú lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ní ojú máa ti òun, pé wọ́n á ní àwọn ọmọ màmá kò rówó ná. Èyí tó tẹ̀ lé e ní kí n máa bá a lọ, pé owó tó máa dín kù kò ní kéré. Ẹni kẹta kò sọ nǹkan kan; bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn títí ọjọ́ á fi pé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Àbúrò, má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ohun tí a bá fọwọ́ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í sábà dínwó ju èyí tí a rà lọ. Bébà aláwọ̀ tí o nílò ewé méjì nínú rẹ̀, odindi ìdì ni wọ́n ń tà á. Sísọ́ọ̀sì tó mú, ìbọn tí a fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù, abẹ ìgébébà, ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì: bí wọn kò bá sí nílé tẹ́lẹ̀, owó ni gbogbo wọn. Ẹni tó ti ní irinṣẹ́, tó sì ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, ló máa ń rí èrè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tíì ka àkókò rẹ mọ́ ọn.

Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ, ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì máa wo aago. Bí káàdì kan bá gba 20 ìṣẹ́jú, 40 káàdì á gba wákàtí 13 àti 20 ìṣẹ́jú, láìka èyí tó bàjẹ́ àti èyí tí ọmọ ẹnìkan da omi sí. Fi ìdajì kún un. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ fún mi bóyá gbogbo nǹkan lo ṣì fẹ́ ṣe.

Ní ti ojútì tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń bẹ̀rù, kò sí àlejò tó ń béèrè bóyá wọ́n ra ọ̀ṣọ́ tàbí wọ́n ṣe é. Ohun tí wọ́n ń rí ni bóyá ó parí. Òdòdó mẹ́wàá tí wọ́n ṣe dáadáa níbì kan á dùn ún wò. Ọgọ́rùn-ún tí ìdajì rẹ̀ ń já bọ́ kí wọ́n tó gé kéèkì ni yóò mú kí wọ́n máa ta ara wọn lójú.

Èyí tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé: fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí ọwọ́ àlejò máa kàn. Èyí tí ojú wọn kàn máa gba orí rẹ̀ kọjá, rà á, tàbí kí o má ṣe é rárá. Káàdì tí wọ́n dì mú, páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, àpò kékeré tí wọ́n gbé lọ sílé, ìwọ̀nyẹn ló ń bá èèyàn délé. Èmi kò tíì rí ẹni tó gbé orí sókè láti yin ẹ̀wọ̀n bébà tó wà lókè àjà.

* * *

Ọ̀pọ̀ ti fèsì, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: pé ọ̀ṣọ́ ara ògiri ló ń wọ fọ́tò, pé fọ́tò ló sì ń kù lẹ́yìn ayẹyẹ, pé kí n má tan ọmọ yìí.

Òótọ́ ni. Àmọ́ ògiri mélòó ló ń wọ fọ́tò? Ibi tí màmá bá jókòó sí ni gbogbo fóònù máa kọjú sí. Ògiri kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀ ni kí o ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyókù pálọ̀, gbá a, nu ún, kó àwọn nǹkan tí kò yẹ kúrò níbẹ̀, ó tán. Kí o tó lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, gbé àga síbẹ̀, kí ẹnìkan jókòó, kí o sì ya á ní àkókò tí ayẹyẹ máa bọ́ sí gan-an. Bí wíńdò bá wà lẹ́yìn àga náà, ojú màmá á ṣókùnkùn nínú gbogbo fọ́tò, òdòdó rẹ kò sì ní gbà á sílẹ̀. Wá ògiri mìíràn.

Tó bá jẹ́ òdòdó oníbébà lo fẹ́ lẹ̀ síbẹ̀, bébà kírépù ni kí o lò, èyí tó ní ìlà wínníwínní lára tó sì máa ń fà díẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n ń gé e bó ṣe wù wọ́n. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ dúró lóòró, láti ìdí ewé òdòdó lọ dé orí rẹ̀. Nígbà náà, bí o bá fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárín sí ẹ̀gbẹ́, àárín á jìn, ewé náà á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí ìlà bá wà ní ìbú, wàá fà á títí, kò ní jìn. Oòrùn máa ń ṣí àwọ̀ bébà yìí, omi sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ kun aṣọ, pàápàá àwọ̀ pupa. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, kó wà nínú páálí tí a dé níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò dé. Kí ó má sì sún mọ́ ibi tí wọ́n á ti máa bu omi mu.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó béèrè gọ́ọ̀mù wo ló dára jù.

Gọ́ọ̀mù funfun fún bébà àti páálí, tó bá jẹ́ pé o ní àkókò láti dúró kó gbẹ. Ìbọn gọ́ọ̀mù fún ohun tó wúwo díẹ̀. Oríṣi ìbọn náà méjì ló wọ́pọ̀: èyí tí ooru rẹ̀ mọ sí nǹkan bí 120°C, àti èyí tó ń dé nǹkan bí 190°C. Méjèèjì ló ń jó èèyàn lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọmọdé. Ohun tí a sì fi í lẹ̀, bí a bá fi sílẹ̀ sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, gọ́ọ̀mù yẹn lè rọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tú.

Súpà gúlúù ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan òwú tàbí aṣọ òwú. Èròjà inú rẹ̀, cyanoacrylate, máa ń gbóná lójijì bó bá kan òwú, ó lè jó ara, ó sì lè rú èéfín. Ẹni tó bá ń fi òwú nu súpà gúlúù kúrò lọ́wọ́ ń wá wàhálà.

* * *

Ọ̀rọ̀ bàlúùnù ti dá ìjà sílẹ̀. Ẹnìkan ní ayẹyẹ tí kò ní bàlúùnù kì í ṣe ayẹyẹ. Òmíràn ní kí wọ́n kó 70 jọ, kí wọ́n tú wọn sójú ọ̀run, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ní ìdọ̀tí lásán ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe bàlúùnù onírọ́bà ni Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ní ọdún 1824 ní Lọ́ńdọ́nù, láti fi gba gáàsì sí fún àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì. Kò ní àríyá lọ́kàn rárá. Mo sọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ gáàsì yẹn ṣì ni wàhálà bàlúùnù dòní. Rọ́bà rẹ̀ kò dí pátápátá. Èyí tó bá wà ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, tí a fi hílíọ́ọ̀mù, gáàsì tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, kún, kì í sábà lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ lókè kó tó máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi hílíọ́ọ̀mù kún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí ó lè sùn dáadáa, ilẹ̀ ló máa bá a láàárọ̀. Tí ẹ bá máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, afẹ́fẹ́ lásán tó. Á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èyí tó ń dán bí dígí máa ń pẹ́ ju onírọ́bà lọ dáadáa, àmọ́ tó bá fò lọ kan wáyà iná, ó lè mú kí iná lọ ní gbogbo àdúgbò.

Ní ti títú wọn sójú ọ̀run, rárá. Ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, wọ́n tú bàlúùnù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ọjọ́ yí padà, òjò dé, bàlúùnù sì ya bo ìlú àti adágún omi Erie. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá ọkùnrin méjì tí ọkọ̀ ojú omi wọn ti dànù, bàlúùnù tó bo ojú omi sì dí àwọn tó ń wá wọn lọ́wọ́. 70 kò tó mílíọ̀nù, mo mọ̀, àmọ́ ohun tó bá gòkè á sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn tàbí sínú omi ẹja.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù tí ẹnikẹ́ni kò sọ ni ti àwọn ọmọdé. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí bàlúùnù ní Amẹ́ríkà sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 lè fi bàlúùnù tí a kò tíì fẹ́, tàbí àfọ́kù rẹ̀, pa ara rẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun tí èémí kò fi ní kọjá. Bí ọ̀kan bá bẹ́, ẹni tó wà nítòsí ni kó ṣa àfọ́kù náà kíá, kí orin máa lọ.

* * *

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ màmá kan: Ọmọ mi, ẹ ti ń pọ̀ jù. Ní báyìí, ṣé ẹ máa ní kí a má fẹ́ iná àbẹ́là pa lórí kéèkì mọ́? Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé la ti ń ṣe é, kò pa ẹnikẹ́ni.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, n kò ní lọ́kàn láti ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Àmọ́ ẹ ti bèèrè, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Clemson ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn jẹun tán, kí wọ́n sì fẹ́ iná àbẹ́là pa lórí ohun tí wọ́n ti fi ṣúgà kéèkì bò. Tí wọ́n bá fi wé èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ èémí sí, kòkòrò àìfojúrí tó wà lórí rẹ̀ fi 1,400% pọ̀ jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fẹ́ ẹ náà ló dọ́gba. Àwọn kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nǹkan kan síbẹ̀, àwọn kan fi púpọ̀ púpọ̀. Olórí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ewu ńlá fún ẹni tí ara rẹ̀ yá. Nítorí náà ẹ jàre níbì kan, màmá.

Ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ ni pé ọ̀nà tó rọrùn wà. Kéèkì kékeré kan fún màmá nìkan, ìyẹn ni kí àbẹ́là wà lórí rẹ̀. Òun ni yóò fẹ́ ẹ, òun náà ni yóò jẹ ẹ́, pẹ̀lú ẹni tó bá wù ú láti fún. Kéèkì ńlá ti àlejò á wà ní ẹ̀gbẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ èémí sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní òtútù tàbí ikọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti yọ nínú ewu yẹn láìsọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni sì má to 70 àbẹ́là sórí kéèkì kan. Ooru wọn á yọ́ ṣúgà, ìda á kán sórí rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa tan èyí tó kẹ́yìn, èyí àkọ́kọ́ ti jó dé ìdí. Àbẹ́là méjì tí a mọ bí 7 àti 0 ti tó. Kí àwọn ọ̀dọ́ má sì fọ́n fọ́ọ̀mù aláwọ̀ inú agolo yẹn nítòsí iná; gáàsì tó ń tì í jáde lè gbiná. Bébà àti òdòdó ara ògiri, ó kéré tán kí wọ́n jìnnà sí àbẹ́là ní 30 sẹ̀ǹtímítà.

* * *

Nítorí pé a ti wà lórí kéèkì: ẹni tó ní òun máa fi ìyẹ̀fun wúrà dídán kun kéèkì màmá òun, wo ara ike rẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá kọ pé kò ní májèlé, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ṣeé jẹ. Èyí tó ṣeé jẹ máa ń to àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ bí oúnjẹ inú agolo ṣe máa ń ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2018, ọmọ mẹ́fà ló ṣàìsàn níbi ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan, èébì ni wọ́n ń bì. Nígbà tí wọ́n yẹ ìyẹ̀fun wúrà orí kéèkì náà wò, bàbà ló pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò fún ọ̀dà.

Gílítà, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú ike tó ń dán tí a ń fọ́n sára káàdì, òun náà ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de títà rẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, nítorí ike wínníwínní tó ń bá omi lọ. Ẹni tó bá ti lò ó rí mọ̀ pé títí ọdún tó ń bọ̀ lẹ á máa rí i lára ìrọ̀rí.

* * *

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe ẹyọ káàdì kan bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. 35 ìṣẹ́jú ni. Mo ti ń rẹ̀wẹ̀sì.

Má rẹ̀wẹ̀sì, o ti rí ohun tí mo fẹ́ kí o rí. Wákàtí 23 àti 20 ìṣẹ́jú nìyẹn tó bá jẹ́ 40. Àmọ́ 40 àlejò kì í ṣe 40 káàdì. Tọkọtaya káàdì kan, ìdílé káàdì kan. Ó ṣeé ṣe kó má ju 15 lọ. Àwọn àgbà ni kí o fi lé lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé, fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, wọ́n á tètè fèsì pàápàá. Lẹ́yìn náà wo ohun tó gba àkókò jù nínú 35 yẹn. Tó bá jẹ́ ríbọ́nù, yọ ọ́.

Má sì jẹ́ kí ìwọ̀nyí ṣẹ́ kù sílẹ̀ lára káàdì náà: aago tí yóò bẹ̀rẹ̀, aago tí yóò parí, àti nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò fèsì fún. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti kọ aago ìparí, bí ẹni pé wọ́n ń lé àlejò. Àwọn àgbà tó fẹ́ mọ ìgbà tí ẹni tó máa gbé wọn padà sílé yóò dé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

* * *

Mo ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, n kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó fèsì ń sọ pín sí méjì: àwọn kan ní kí o má dá a lóhùn, àwọn kan ní àgbà ni, ohun tó bá sọ labẹ gé. N kò sí lẹ́yìn ìkankan.

Owó ni ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ ná sórí màmá rẹ̀, ìwọ sì ti gba gbogbo iṣẹ́ sọ́wọ́. Ibo lo fẹ́ kí ó dúró sí? Ẹni tí kò rí ibi dì mú nínú ìnáwó ìyá rẹ̀ kò ní ṣaláì bínú, bí kò bá sì lè sọ pé inú ń bí òun, á ní ojú ń ti òun. Fún un ní ibi tí owó ti ń sọ̀rọ̀: oúnjẹ, àga, ẹni tó máa ya fọ́tò. Kí ó yan án bó ṣe wù ú, kí o má dá sí i, àní bí àwọ̀ àga kò bá bá òdòdó rẹ mu. Ẹni kejì tó ń sọ̀rọ̀ owó, kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ iye tí ẹ máa ná sílẹ̀, kí ẹ tó ra ẹyọ òwú kan. Àwọn àgbà ní lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ẹni kẹta tó dákẹ́ yẹn, òun ni kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba àlejò. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé máa ń yani lẹ́nu níbẹ̀.

Mo lọ síbi ayẹyẹ kan tí ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí ti wà ní ilé ìdáná pẹ̀lú ìbọn gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ nígbà tí àwa ti ń kọrin fún ìyá rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ náà rẹwà gan-an. Kò sí nínú fọ́tò kankan. Nígbà tí ìyá náà sì bèèrè pé, “Ọmọ mi dà?”, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Èyí tí kò bá parí nígbà yẹn, kó wọ inú páálí, kí ó má sì jáde mọ́.

Ẹnìkan takò mí níhìn-ín, ó ní adùn rẹ̀ wà nínú kí gbogbo ilé jọ máa gé e títí di òru ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ. Bí gbogbo ilé bá jọ ń gé e lóòótọ́, mo gbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ á gé fún ìdajì wákàtí, wọ́n á lọ ṣeré, ẹnìkan ni yóò sì kù nídìí tábìlì.

* * *

Páálí tí mo ní kí àlejò kọ ọ̀rọ̀ sí, àwọn kan bèèrè bí a ṣe ń ṣe é.

Gé páálí fẹ́lẹ́ ní ìbú 10 sẹ̀ǹtímítà àti gígùn 15 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, kí ó lè wọ inú álíbọ́ọ̀mù kan náà pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ náà. Má kọ “Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkíni yín” sí i. Bí o bá kọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló máa kọ pé ẹ̀mí á gùn, àlàáfíà á jọba. Bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè jọra: “Kí ni màmá sọ fún yín rí tí ẹ kò gbàgbé?” tàbí “Níbo lẹ ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀?” Fi bírò tó ń kọ dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ẹyọ kan, èèyàn 40 kò lè máa dúró de bírò kan. Àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ kan jókòó tì í, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, kí ó sì kọ ọ́ nígbà tó bá yá.

Tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò àtijọ́ kún un, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ lò. Má fi gọ́ọ̀mù kan ojúlówó. Sẹ́lótéèpù ló burú jù: lẹ́yìn ọdún díẹ̀, á pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú bébà, àmì rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. Bébà ìwé ìròyìn náà máa ń pọ́n, kí ó sì máa rún, nítorí èròjà igi tí wọ́n ń pè ní lignin tó wà nínú rẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ *acid-free* (pé kò ní ásíìdì) sí lára ló ń pa fọ́tò mọ́. Nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àbúrò, bí o bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tí o ṣe èyí nìkan, o ti ṣe é.

* * *

Ní ti oúnjẹ n kò ní pẹ́, torí mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ mú un. Ohun kan péré: oúnjẹ tó bá jáde kúrò lórí iná kò gbọ́dọ̀ jókòó ju wákàtí méjì lọ láìgbóná, láìtutù, bí ojú ọjọ́ bá kọjá 32°C, wákàtí kan. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sì se oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ kò gbọ́dọ̀ gbé odindi ìkòkò ńlá sínú fíríìjì, àárín rẹ̀ á ṣì gbóná fún wákàtí púpọ̀. Kó dà á sínú abọ́ tí kò jìn.

* * *

Ìbéèrè mìíràn: Àwọn ọmọdé ńkọ́? Tiwa máa ń da ilé rú.

Ẹ fún wọn ní tábìlì tiwọn, kó wà níbi tí àgbà kan ti lè máa rí wọn. Ìyẹ̀fun ife méjì, iyọ̀ ife kan, omi tó tó ife kan: ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí wọ́n fi mọ ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ lè yan án nínú ààrò tó mọ sí nǹkan bí 100°C fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kó le, kí wọ́n kùn ún lọ́jọ́ kejì. Tí ajá bá wà nílé, ẹ má jẹ́ kó débẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ lè ṣe ajá léṣe gidigidi. Ohun tí wọ́n bá mọ á wọ́, á fẹ̀, kò ní jọ nǹkan kan. Ẹ tò ó síwájú ìyá ìyá wọn bẹ́ẹ̀.

* * *

Àbẹ́là tí àbúrò fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn ìrántí ni mo fi sẹ́yìn, nítorí mo mọ̀ pé inú rẹ̀ kò ní dùn. Bí o kò bá tíì ṣe àbẹ́là rí, má fi ìgbà àkọ́kọ́ ṣe 40. Inú ohun èlò tó jókòó sínú omi gbígbóná la ti ń yọ́ ìda, a kì í gbé e ka iná tààrà; bó bá sì gbiná, ìdérí ìkòkò la fi ń pa á, omi kọ́. Òwú tó bá tóbi jù fún ife á mú kí iná ga, ife dígí sì lè fọ́. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ń tan díẹ̀ lára wọn dé ìdí láti dán an wò kó tó fún ẹnikẹ́ni. Àpò aṣọ kékeré ni kí o rán dípò rẹ̀. Ṣé o ní ẹ̀rọ ìránṣọ?

* * *

Ẹni tó béèrè: Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀gbọ́n. Àpò ni màá rán. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ti gba oúnjẹ àti àga, ó ti ń pe àwọn èèyàn kiri. Ohun kan ló kù: ògiri pálọ̀, ọ̀dà rẹ̀ tuntun ni, màmá kò sì ní fẹ́ kí a bà á jẹ́.

Téèpù aláwọ̀ òféfèé tí àwọn akunlé ń lò ni kí o rà, kì í ṣe sẹ́lótéèpù. Lẹ díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lónìí, fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o yọ ọ́ wò. Tó bá ń bá ọ̀dà bọ̀, má lẹ nǹkan kan mọ́ ògiri rárá: ta okùn láti ìṣó kan sí èkejì bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀, tàbí kí o ta aṣọ sórí ọ̀pá, kí òdòdó wà lára aṣọ náà. Ní ọjọ́ kejì ayẹyẹ, rọra ṣẹ́ téèpù padà sórí ara rẹ̀ bí o ṣe ń yọ ọ́, má fà á jáde kánkán. Èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá kù lára ògiri, fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru díẹ̀ sí i kí o tó nu ún. Kí ẹni kẹta yín náà wà níbẹ̀, ó ga.